Wọ́n fẹ́ gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára àbúrò mi tó ní kòkòrò HIV: ṣé kí ó gbà?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti rí kòkòrò HIV lára rẹ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ara rẹ̀ sì le. Èmi nìkan ni ó sọ fún nínú ẹbí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí pé àwọn olùwádìí ní ilé ìwòsàn tí òun ń lọ ní kí òun wá fún àwọn ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní stem cell láti inú ẹ̀jẹ̀ òun. Wọn yóò kọ́kọ́ gún un ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọn yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ fún wákàtí púpọ̀, wọn yóò sì fún un ní owó díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá mi gbẹ? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò ṣe? Àbí ìwòsàn ti dé ni? Ṣé kí n sọ fún màmá wa kí wọ́n lè máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́?"

Ẹ kú àníyàn àbúrò yín, mà. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní Èkìtì níbí. Mo ti ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò yìí láti ìgbà tí ènìyàn máa ń wọ ọkọ̀ láti Ìjerò tàbí Ọ̀tùn lọ gba oògùn ní Ìbàdàn, kí ará àdúgbò má baà rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ so àbúrò yín mọ́, mo lò ó nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n so mọ́ ọn láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìwé ìwádìí tí wọ́n gbé fún àbúrò yín, n kò sì lè gba ipò dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tó fà á, kí n sì fi ibi tí ewu wà hàn yín, kí òun lè mọ ìbéèrè tí yóò bi wọ́n kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Orúkọ ohun náà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye ti máa ń wọlé. Ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ gbó lára wa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan kì í lò ju bí oṣù mẹ́rin lọ, àwọn sójà ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun, tí ń kọ́kọ́ sáré lọ bá egbò kì í sì lò ju ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni ara ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, inú mùdùnmúdùn eegun ni ó sì ti ń ṣe é, ìyẹn nǹkan rírọ̀ tí a máa ń fà mu bí a bá ń jẹ eegun ẹran. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn yìí tí wọn kò tíì di ẹ̀jẹ̀ pupa, tí wọn kò sì tíì di sójà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé láti ara wọn ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Àwọn ni mo ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé: a gé igi tó ti so, ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, ọmọ mìíràn a sì tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ rí, nítorí bí ó ti ń bí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bí irú ara rẹ̀, tí ìdí náà kò fi tán. Àwọn kan ti gbọ́ pé láti ara ọlẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ stem cell, ìyẹn sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Oríṣi mìíràn nìyẹn. Ti àbúrò yín, láti ara òun fúnra rẹ̀ ni wọn yóò ti gbà á, ohun tí ara rẹ̀ sì ń ṣe lójoojúmọ́ ni.

Ní àtijọ́, ọ̀nà tí a fi ń gba sẹ́ẹ̀lì yìí ni kí a fi oògùn kun ènìyàn lóorun, kí a sì fi abẹ́rẹ́ nínípọn fa mùdùnmúdùn láti inú eegun ìbàdí rẹ̀. A ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń sọ fún àbúrò yín ni ó gbòde báyìí. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì funfun, ó ṣòro kí a rí ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ fi ń ṣáájú. Oògùn tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ filgrastim, ó sì jọ ohun tí ara fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde nígbà tí ó bá fẹ́ kí sójà pọ̀ sí i. Wọn yóò máa gún un sábẹ́ awọ ara lójoojúmọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, yóò sì mú kí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tú kúrò ní ibùgbé wọn, kí wọ́n ya wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọn kò bá tó síbẹ̀, wọ́n lè fi oògùn kejì tó ń jẹ́ plerixafor kún un. Ìtàn oògùn kejì yìí máa ń wú mi lórí. Kòkòrò HIV ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi bá jà, kò sì ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ti rò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dán an wò ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì funfun ń pọ̀ lójijì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gbà á. Láti ara àkíyèsí yẹn ni ó fi di oògùn tí a ń lò láti pe sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jáde, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2008.

Ní ọjọ́ tí wọn yóò gba sẹ́ẹ̀lì náà gan-an, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ sí iṣan ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ yóò gba ọwọ́ kan jáde wọ inú ẹ̀rọ, yóò sì gba ọwọ́ kejì padà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti sẹ́ ògì rí, ẹ mọ̀ pé bí a bá gbé e kalẹ̀ di àárọ̀, ògì yóò ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi rẹ̀ yóò sì tòrò sókè. Bí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó wúwo á wà nísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè á wà lókè, láàárín wọn sì ni ìpele funfun tín-ín-rín kan wà tí àwọn sójà ara àti sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń gbé. Ẹ̀rọ kò lè dúró di àárọ̀, nítorí náà ó ń yí ẹ̀jẹ̀ po kíákíá kí ó lè tòrò lójú ẹsẹ̀. Ìpele funfun yẹn ni ó ń rọra gbọ́n sínú àpò, ó sì ń dá ìyókù padà sára. Àgbàlagbà ní bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé lítà 10 tàbí 15 gba inú ẹ̀rọ kọjá, ẹ má jáyà, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń yí po lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tó ń wà lóde ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ju bí ife kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó lè gbà tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n sì lè ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, mà, wọn kò ní fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ohun tí wọ́n mú kúrò, mùdùnmúdùn rẹ̀ yóò ṣe òmíràn dípò rẹ̀ láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

N kò sọ pé kò ní dùn ún o. Abẹ́rẹ́ filgrastim máa ń mú kí eegun ro ènìyàn, pàápàá ìbàdí, ẹ̀yìn àti àyà, nítorí mùdùnmúdùn ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Orí lè fọ́ ọ, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ibà kọlù. Parasítámọ́ọ̀lù sábà máa ń ká a, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Nígbà tó bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ó lè dà bí ẹni pé èèrà ń rìn ní ètè àti ìka ọwọ́ rẹ̀, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ó má dì máa ń dín kálísíọ̀mù inú ara kù. Kí ó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì, wọn yóò fún un ní kálísíọ̀mù, wọn yóò sì dẹ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ewu kan wà tó ṣọ̀wọ́n gan-an ṣùgbọ́n tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́: ọlọ inú, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, máa ń wú díẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ yìí, ó sì ti ya lára ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀. Bí ìhà òsì tàbí èjìká òsì bá ń ro ó gan-an ní àwọn ọjọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ni kí ó kọrí sí ní wéré.

Ọ̀rọ̀ tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù gẹ́gẹ́ bí dókítà láàárín Yorùbá nìyí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ni ó jẹ́ AS, àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì pọ̀ láàárín wa ju àwọn ènìyàn tí wọ́n sábà máa ń gba sẹ́ẹ̀lì lára wọn ní òkè òkun lọ. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọ́dọ̀ gba filgrastim fún irú nǹkan báyìí rárá. Ó máa ń mú kí sójà ara pọ̀ yamùrá nínú ẹ̀jẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bí dòjé sì há sínú iṣan, ó sì ti fa ìrora ńlá, ó tilẹ̀ ti fa ikú. SS kì í sábà fara pamọ́ di àgbà, ṣùgbọ́n mo ti rí ju ẹnì kan lọ tó jẹ́ SC tí kò mọ̀ títí ó fi lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó jẹ́ pé làkúrègbé ni wọ́n ń pe ìrora rẹ̀ nílé. Àwọn AS ti gba abẹ́rẹ́ yìí láìsí wàhálà, síbẹ̀ ó yẹ kí àwọn olùwádìí mọ̀ ṣáájú. Wọ́n sábà máa ń yẹ èyí wò lọ́hùn-ún, àmọ́ n kì í fẹ́ fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún "wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò ṣe. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ní 1996, ọdún tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ gan-an, ni ayé mọ̀ dájú pé bí a bá lo oògùn mẹ́ta papọ̀, kòkòrò tó ń pa sójà ara yìí yóò wólẹ̀. Oògùn náà ni ó sọ àìsàn tó ń pa ènìyàn láàárín ọdún díẹ̀ di ohun tí ènìyàn ń bá gbé títí yóò fi rí ọmọ ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í lé kòkòrò náà tán. Ó máa ń sá pamọ́ sínú díẹ̀ lára àwọn sójà tí a ń pè ní CD4, àwọn tí HIV máa ń kọlù jù, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n sì lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń sùn, oògùn kò rí wọn mú. Bí ènìyàn bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kòkòrò á tún gbérí lára ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí àbúrò yín fi ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò lè máà rí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Timothy Ray Brown, tó ń gbé ní ìlú Berlin ní Jámánì, ní kòkòrò yìí, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì tún mú un. Ní 2007, dókítà rẹ̀, Gero Hütter, fún un ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹlòmíràn kí ó lè ní ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ wá ẹni tí a bí pẹ̀lú àbùdá (gene) tó ṣọ̀wọ́n kan. Ẹ mọ̀ pé kí HIV tó wọ inú sójà, ó ní ilẹ̀kùn tó ń gbà. Ilẹ̀kùn tó fẹ́ràn jù ni a ń pè ní CCR5, àwọn ènìyàn kan sì wà tí ilẹ̀kùn yẹn kò sí lára sójà wọn láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ara Brown, tó sì dá oògùn HIV dúró, kòkòrò náà kò padà wá mọ́. Jẹjẹrẹ rẹ̀ padà, wọ́n tún fún un ní sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀kejì ní 2008, jẹjẹrẹ ọ̀hún ni ó sì pa á ní 2020; títí ó fi kú, a kò rí HIV lára rẹ̀ mọ́. Ní 2019 ni a gbọ́ ti ẹnì kejì ní Lọ́ńdọ̀nù, Adam Castillejo, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò ju èyí tí a lè ka lọ́kọ̀ọ̀kan lọ.

Èéṣe tí a kò fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn? Àkọ́kọ́, ìtọ́jú náà le. Wọ́n ní láti fi oògùn líle tàbí ìtànṣán pa mùdùnmúdùn ènìyàn kí ti ẹlòmíràn tó lè gba ipò rẹ̀, àwọn kan sì ń ti ibẹ̀ kú. Ẹni tí jẹjẹrẹ yóò pa ni a lè fi ìyẹn lọ̀. A kò lè gbé e lé ẹni tí oògùn ẹyọ kan lójúmọ́ ń tọ́jú dáadáa lórí. Yàtọ̀ sí èyí, nínú ọgọ́rùn-ún ará àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan ni a bí láìsí ilẹ̀kùn CCR5 rárá, láàárín àwa ènìyàn dúdú ní Áfíríkà ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹyọ kan. Bí a bá ń dúró de irú olùfúnni bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn wa ni yóò jókòó sí ẹ̀yìn ìlà. N kì í gbàgbé èyí nígbà tí mo bá ń ronú nípa ìwádìí tí wọ́n pe àbúrò yín sí.

Àwọn olùwádìí wá bi ara wọn pé: bí a kò bá rí sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, ṣé a kò lè gba ti aláìsàn fúnra rẹ̀, kí a yọ ilẹ̀kùn náà kúrò lára rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, kí a sì dá a padà fún un? Ara kò ní kọ sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ bí ó ti ń kọ ti àlejò. Èrò yìí kò tíì di ìwòsàn. Ní 2019, àwọn dókítà ní Ṣáínà ròyìn ọkùnrin kan tó ní HIV àti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ papọ̀, tí wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì olùfúnni tí wọ́n ti yí CCR5 rẹ̀ padà. Jẹjẹrẹ rẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì náà sì dúró lára rẹ̀ láìpa á lára, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n yí padà kò pọ̀ tó, kòkòrò sì gbérí nígbà tó dá oògùn dúró. Kí àwọn olùwádìí tó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní láti mọ bí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹni tó ti ń bá HIV gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ń lo oògùn, ṣe ń hùwà: ṣé abẹ́rẹ́ máa pè é jáde tó, ṣé ó máa ń yè lẹ́yìn tí wọ́n bá yí àbùdá rẹ̀, ṣé ó ṣì lè bí sójà tó dára? Sẹ́ẹ̀lì ẹni tí kò ní kòkòrò kò lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn. Àwọn kòkòrò kan tilẹ̀ wà tó ń gba ilẹ̀kùn mìíràn wọlé, èyí tí a ń pè ní CXCR4, tó jẹ́ pé yíyọ CCR5 kò ní dá wọn dúró. Irú ohun tí wọ́n fẹ́ fi ti àbúrò yín ṣe nìyí.

Ẹ ó ti rí i pé ìdáhùn sí "àbí ìwòsàn ti dé" jẹ́ rárá. Bí àbúrò yín bá fún wọn ní sẹ́ẹ̀lì, kòkòrò ara rẹ̀ kò ní dín kù nítorí rẹ̀, kò sì ní lágbára ju ti àná lọ. Ó ń fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní nǹkan ni. Mo fẹ́ kí ó mọ èyí dájú, nítorí mo ti rí àwọn tí ìrètí mú fọwọ́ sí ìwé, tí inú wọn sì bàjẹ́ gidigidi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ara wọn ṣì wà bó ti wà. Ẹ sì má bẹ̀rù pé wọn yóò fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sára ẹlòmíràn kí ó kó HIV. A kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV fún fífi sára ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà ní kòkòrò nínú, ṣùgbọ́n àwọn CD4 tó bá a wọ inú àpò lè ní, nítorí náà yàrá ìwádìí tó ní ìṣọ́ra ni wọ́n ti ń fọwọ́ kàn án, tàbí kí wọ́n fi í sínú náítírójìn olómi tó tutù dé ìwọ̀n 196 Celsius nísàlẹ̀ òdo títí wọn yóò fi lò ó.

Oògùn rẹ̀ ńkọ́? Gbígba sẹ́ẹ̀lì nìkan kò béèrè pé kí ó dá oògùn dúró. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí wọ́n máa ń ní kí ènìyàn dá oògùn dúró lábẹ́ ìṣọ́ra kí wọ́n lè wo bí kòkòrò yóò ṣe ṣe. Ní 2013, àwọn ọkùnrin méjì kan ní Boston tí wọ́n ti gba sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn dá oògùn dúró nígbà tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò kankan lára wọn mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kòkòrò tún yọjú lára àwọn méjèèjì, wọ́n sì padà sídìí oògùn. Bí gbólóhùn nípa dídá oògùn dúró bá wà níbikíbi nínú ìwé àbúrò yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní gbígba sẹ́ẹ̀lì lásán nìyẹn, ìjókòó mìíràn pẹ̀lú dókítà tirẹ̀ ni ó kàn.

Ìfura yín kò ya mí lẹ́nu, mà, n kò sì ní bá yín wí nítorí rẹ̀. Ní 1951, ní Baltimore, wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára obìnrin dúdú kan, Henrietta Lacks, láì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ń hù títí di òní ní yàrá ìwádìí káàkiri ayé, àwọn ènìyàn sì ti fi í rí owó ńlá, bẹ́ẹ̀ ẹbí rẹ̀ kò mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé wa níbí, oògùn tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọ tí àrùn mú ní Kánò ní 1996 dá ẹjọ́ sílẹ̀ tó pẹ́ kí ó tó parí. Irú nǹkan báyìí ni ó bí òfin tó wà lónìí. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan tí kì í ṣe ti àwọn olùwádìí ní láti yẹ ìwádìí wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ tiwa náà, òfin ìlera ti 2014 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé ó fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n òfin kì í ka ìwé fún ènìyàn. Kí àbúrò yín jókòó ka tirẹ̀. Kí ó wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì náà yóò dúró sí yàrá ìwádìí tàbí wọ́n ń gbèrò àti dá a padà sára òun lọ́jọ́ kan. Kí ó béèrè bóyá orúkọ ni yóò wà lára àpò náà tàbí nọ́ńbà, ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́ tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ, àti bóyá wọn yóò ka gbogbo àbùdá rẹ̀, nítorí àbùdá rẹ̀ kan ẹ̀yin náà. Kí ó béèrè bóyá wọ́n lè fún ilé iṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n fi ṣe ọjà, àti ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ní ẹ̀tọ́ láti yí ọkàn padà nígbàkúùgbà, kí ìtọ́jú rẹ̀ má sì yí padà nítorí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá ti lò kò ṣe é kó jọ mọ́. Bí ẹni tó ń gba ìyọ̀ǹda bá ń kánjú, tàbí tí kò fẹ́ fún un ní ẹ̀dà ìwé náà láti gbé lọ sílé, kí ó dìde.

Owó tí wọ́n fẹ́ fún un kò burú. Ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi sílẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti ìrora. Mo kàn ń rọ̀ ọ́ kí ó bi ara rẹ̀ pé, bí owó náà kò bá sí, ṣé òun yóò ṣe é? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, kí ó ní sùúrù.

Ẹ fẹ́ mọ èrò tèmi gan-an, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi ni wọ́n ní kí ó fún yàrá ìwádìí ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iye sójà CD4 rẹ̀ dára, tí oògùn rẹ̀ kò ní dúró, tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AA tàbí AS tí wọ́n sì mọ̀, n kò ní dá a dúró. Inú mi yóò tilẹ̀ dùn, nítorí bí ènìyàn dúdú kò bá sí nínú ìwádìí, ìwòsàn tó bá ti ibẹ̀ jáde lè máà bá ara wa mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ yí sẹ́ẹ̀lì náà padà, kí wọ́n fún un ní oògùn líle láti pèsè àyè, kí wọ́n sì dá a padà sára rẹ̀, nígbà tí kò ní jẹjẹrẹ kankan, tí oògùn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, èmi yóò sọ fún un pé kí ó dúró kí ìmọ̀ dàgbà sí i. Àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ wa lè má gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, ìdí wọn sì lè lágbára. Òun ni yóò pinnu.

Nípa màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo rò pé màmá kò ní fẹ́ràn ọmọ wọn mọ́. Àṣírí tí ó fi lé yín lọ́wọ́ láti ọdún mọ́kànlá ni, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn yín. Bí màmá bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ lè sọ fún wọn pé ọmọ wọn fẹ́ lọ ṣe nǹkan kan ní ilé ìwòsàn, pé kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi í sọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọn kò nílò orúkọ àìsàn kankan kí wọ́n tó kúnlẹ̀. Bí ó bá tó àkókò tí ó fẹ́ kí màmá mọ̀, ẹnu tirẹ̀ ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí ẹ sì wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí ni kí ẹ pè é, kí ẹ bi í ní jẹ́nótáìpù rẹ̀, kí ẹ má sì gba "mo rò pé AA ni" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Bí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ bá ti sọnù, kí ó ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́hùn-ún ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Bí èsì náà bá jẹ́ SS tàbí SC, kí ó sọ fún wọn, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n gún un.